Ọdún Tí A Fẹ́ Fọ́ Ètò Wa sí Wẹ́wẹ́

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Láàárọ̀, bí mo bá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé-iṣẹ́ wa ní Bódíjà, mi ò ní rí kọjá igi dóńgóyárò tó wà níwájú ilé. Òpópónà á ti wọnú kùrukùru lọ, ọkọ̀ á máa jáde níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọ̀rọ̀ tí èèyàn ti gbàgbé tó wá ń rántí díẹ̀díẹ̀. Nítorí àkókò yẹn ni mo ṣe máa ń tètè dé. Màá po tíì mi, màá jókòó sórí àga onírọ́bà, màá sì máa ro ètò wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ìyá àgbà ṣe máa ń ro orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kí oorun tó gbé e lọ.

Ètò kọ̀ǹpútà ni mò ń sọ. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, obìnrin bíi tèmi, la jọ kọ ọ́ fún àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kéékèèké tó wà káàkiri ìgboro Ìbàdàn. Bí aláìsàn bá dé, inú rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì á ti wá káàdì rẹ̀. Inú rẹ̀ ni dókítà á kọ ohun tó rí sí, láàbù á fi èsì àyẹ̀wò síbẹ̀, ẹni tó ń fúnni lóògùn náà á sì ti ibẹ̀ rí ohun tí dókítà ní kí wọ́n lò. Odindi ni, kò sí ibi tí a ti gé e. Bí ẹ bá mú okùn rẹ̀ ní ìkángun kan, ẹ ó fà á dé ìkángun kejì.

Yàrá kan ní Àgbowó la ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé. Léètọ́ọ̀pù kan ló wà láàárín àwa méjèèjì. Bí òun bá ń tẹ̀, èmi á máa wò. Bó bá rẹ̀ ẹ́, èmi á gbà á. Bí wọ́n bá mú iná lọ́sàn-án, tí bátìrì náà sì kú, a ó nà gbalaja sórí ẹní, a ó máa fi ẹnu bá iṣẹ́ lọ. Ó lè ní, “Bí aláìsàn bá padà wá ńkọ́?” Màá ní, “Káàdì rẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n á ṣí.” “Tí kò bá wá rántí nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ ńkọ́?” Ooru á máa mú, àwọn ọmọ ilé ìwé á máa kọjá nísàlẹ̀ pẹ̀lú ariwo, oorun á gbé ọ̀kan nínú wa lọ lórí ìbéèrè, ẹnì kejì á sì máa dá páànù òkè lóhùn. Títí di òní, bí mo bá ka apá kan nínú kóòdù yẹn, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a fi kọ ètò náà, mo máa ń mọ̀ bóyá ọwọ́ òun ló kọ ọ́ tàbí ọwọ́ mi, bí èèyàn ṣe ń mọ ẹni tó se ọbẹ̀ láìwo ibi ìdáná.

Nígbà ọyẹ́ tí mò ń sọ yìí, a ti kúrò ní méjì. A ti gba àwọn èèyàn díẹ̀ sí i, ilé ìwòsàn tó ń lo ètò náà sì ti pọ̀, láti Ṣàngó dé Ṣálẹ́ńjì. Ètò náà ti sanra. Kò sí ẹni tó lè sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Mo ṣì ń rò pé mo lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n láàárọ̀, lórí àga yẹn, mo máa ń dé ibì kan tí kùrukùru bò, màá sì fi ọgbọ́n fò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a ṣe àtúnṣe kékeré sí apá ibi oògùn. Ohun tí kò tó nǹkan ni, ọ̀nà tí orúkọ oògùn á fi tò tẹ̀lé ara wọn. Kò pẹ́ tí a fi í síta ni fóònù mi dún. Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn kan ní Òkè-Àdó ló pè. Mátírọ́ọ̀nù ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ilé ìwòsàn tiwọn ló kọ́kọ́ gbà wá gbọ́, wọ́n sì máa ń bá wa sọ̀rọ̀ bí ìyá tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “káàdì ò ṣí mọ́ o.”

“Gbogbo káàdì náà ni, mà?”

“Gbogbo ẹ̀ ni. Láàbù náà ò ṣí. Mo ní kí wọ́n wá bébà.”

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wọ ọkọ̀, a lọ. Àwọn yòókù dúró sí Bódíjà láti tú ohun tí a ṣe palẹ̀. Nígbà tí a dé Òkè-Àdó, àwọn aláìsàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn, ìyá kan ń fi ìbòrí rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń kọ orúkọ wọn sórí bébà bíi pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó bínú sí wa, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí jù. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà mọ́lẹ̀, káàdì àkọ́kọ́ sì ṣí. Mátírọ́ọ̀nù gbé ife omi tútù méjì wá. Èmi gba tèmi. Wọ́n na èkejì sí ọ̀rẹ́ mi láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà á. Ó kàn ń wo iwájú, ojú rẹ̀ tutù, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí kọ̀ǹpútà náà. Ọwọ́ Mátírọ́ọ̀nù wà lókè títí tí mo fi bá a gbà á. Mo rò pé ìtìjú ló mú un.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa jókòó sí yàrá ìpàdé. Ọkùnrin kan wà nínú wa tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó kó tó gbéyàwó kó sì ṣí wá sí Ìbàdàn. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ bí wọn ò bá bi í. Ọjọ́ náà, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, orúkọ oògùn la tún tò,” ó wí, “kí ló wá kan láàbù? Ibi tí mo ti kúrò, ètò kọ̀ọ̀kan dá dúró ni. Ti oògùn wà lọ́tọ̀, ti káàdì wà lọ́tọ̀, ti láàbù wà lọ́tọ̀. Kálukú ní kọ̀ǹpútà tó gbé e, wọ́n á sì máa ránṣẹ́ síra wọn. Bí ọ̀kan bá ṣubú, àwọn yòókù á ṣì dúró. Òun ni wọ́n ń pè ní máíkírósáfíìsì.”

Mo ti gbọ́ orúkọ náà tipẹ́. Nínú iṣẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ ni. Ohun tó ya mí lẹ́nu ni ọ̀rẹ́ mi. Òun gan-an ló máa ń fi àwọn tó ń fọ́ ètò wọn sí wẹ́wẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. A máa ń sọ pé wọ́n ń sin òkúta mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè rí ohun tí wọn ó kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé orí sókè, ó ní, “Òótọ́ ló sọ. Ẹ jẹ́ ká pín in. Ká pín in wẹ́wẹ́.”

Mo ní, “Àwa mélòó la jẹ́ tí a fẹ́ máa tọ́jú ètò tó pọ̀ tó yẹn? Ohun tí ń ti yàrá kan dé yàrá kejì nísinsìnyí á wá máa gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú yìí náà la fẹ́ gbé e lé?”

Ó ní, “Bó ṣe wà yìí ti pọ̀ jù.”

“Ó pọ̀ jù fún ta ni?”

Ó kó ìwé rẹ̀ jọ, ó sì ń fọwọ́ wá bírò rẹ̀ lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni bírò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá rẹ̀ gan-an.

A kò lè fẹnu kò lọ́jọ́ yẹn. Níkẹyìn a ní ká dán an wò. A ó yọ apá láàbù nìkan kúrò, ká dá a dúró, ká sì wo bí yóò ṣe rí kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bó bá dáa, a ó pín ìyókù.

Nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá kan náà. Màá wà nínú ilé kan tó fẹ̀, ilé tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n tí mi ò gbé rí. Màá máa ti yàrá bọ́ sí yàrá, ìmọ́lẹ̀ funfun á máa gba ojú fèrèsé wọlé bí ti ìdájí ọyẹ́. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Àga á ṣì máa mì. Èmi náà á máa lọ, n kì í sì í bẹ̀rù. Ohun tó máa ń jí mi ni pé màá fẹ́ pe ẹni náà, n kò sì ní mọ orúkọ rẹ̀. Ọkọ mi ní iṣẹ́ ló ń dà mí láàmú, ó ní kí n máa sinmi. Mo gbà pé iṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ojú mi ń rí àwọn nǹkan mìíràn, mi ò kàn so wọ́n pọ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi kò wa ọkọ̀ wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ó ní òun fẹ́ máa fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Bí lẹ́tà bá dé, á ní, “Bá mi kà á, ọwọ́ mi dí.” Ìgò oògùn kékeré kan wà nínú fíríìjì ibi iṣẹ́, lẹ́yìn àwọn ìgò móòtì, n kò sì bèèrè ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan mo lọ kí i ní Baṣọ̀run, mo sì bá òun àti ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Inú ẹgbẹ́ akọrin ló wà. Gbogbo àwọn tó kù mú ìwé orin dání. Òun nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó wo òkè, ó ń kọrin lọ. Mo rò pé orí rẹ̀ ló gbé orin náà dáadáa, inú mi tiẹ̀ dùn sí i.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà bá wa ní Ríńgì Róòdù. A fẹ́ lọ bá ilé ìwòsàn tuntun kan tó fẹ́ gba ètò wa sọ̀rọ̀. Èmi ni mo wakọ̀. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹnì kan gbé ọmọlanke tó kún fún ọsàn dúró sí apá òsì wa, ohun tó tóbi tó sì pọ́n lábẹ́ òfuurufú tó ṣú. Ọ̀rẹ́ mi rìn lọ bá a tààrà, bí ẹni tó fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ gbá a, ọsàn dà sílẹ̀, wọ́n ń yí lọ sínú gọ́tà. A bẹ ọlọ́sàn náà, a bá a ṣà wọ́n. Nígbà tí a ń ṣà wọ́n ni mo rí i pé àwọn tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló ń mú. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kan ẹsẹ̀ rẹ̀, kò mú wọn.

Òjò dé kí a tó ṣà á tán. A sá padà sínú ọkọ̀. Omi ń ṣàn lójú gíláàsì, àwọn ilé àti pátákó tó wà níta yọ́ pọ̀ mọ́ra wọn, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ pupa ń ṣàn wọnú ara wọn. A jókòó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó nu omi lójú.

Mo ní, “Kí ló ń ṣe ojú ẹ?”

Ó wá ní, “Glọkómà ni. Dókítà ojú ní ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí n tó mọ̀. Kì í dunni. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bọ̀. Bí ẹni pé èèyàn ń wo ayé gba inú ọ̀pá, tí ẹnì kan sì ń rọra fún ọ̀pá náà.”

“Ta ló mọ̀?”

“Ọkọ mi. Ìwọ náà báyìí.”

“Ṣé kò sí oògùn rẹ̀ ni?”

“Ó wà. Mò ń kán an. Òun ló wà nínú fíríìjì yẹn. Wọ́n ní yóò dá a dúró, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Wọ́n ní èyí tó ti lọ kò ní padà.” Ó fi ìka fa ìlà sí ara gíláàsì tí èémí wa ti bò. “Bí mo bá ṣí kóòdù wa, ìlà díẹ̀ ni mo ń rí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá fi máa dé ìsàlẹ̀, mo ti gbàgbé òkè. Ètò wa ti tóbi ju ojú mi lọ. Mo rò pé bí a bá fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, n ó lè mú ọ̀kan kékeré níbẹ̀, kí n máa bójú tó o. Kí n ṣì ní tèmi.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù, ọ̀rinrin ọsàn ṣì wà lára rẹ̀. Mo ní, “Ká pín in. Ká bẹ̀rẹ̀ lọ́la.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Wò ó, ìdí nìyẹn tí mi ò ṣe sọ fún ọ. Má fi àánú pinnu ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Òkè-Àdó ò mọ ojú mi rí. Jẹ́ ká parí ìdánwò náà bó ṣe yẹ.”

A kò lọ síbi tí à ń lọ mọ́ lọ́jọ́ náà. A pè wọ́n, a ní òjò dá wa dúró. Mo fi ọkọ̀ gbé e délé rẹ̀ ní Baṣọ̀run. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń sọ ohun tó ń rí fún mi, èmi náà sì ń sọ èyí tí kò rí. Obìnrin kan tó da ọ̀rá borí. Ewúrẹ́ mẹ́ta lábẹ́ àwọn tábìlì òfìfo. Ọkọ̀ kan tí wọ́n ya ewé ọ̀pẹ sí lára. Ó ní, “Ewúrẹ́ náà tutù?” Mo ní, “Wọ́n gbẹ ju àwa lọ.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a dá apá láàbù dúró gẹ́gẹ́ bí ètò tirẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Ọkùnrin tó wá láti Èkó ló ṣe iṣẹ́ náà jù, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. A ṣe àtúnṣe sí apá oògùn lẹ́ẹ̀kan sí i, láàbù ò tiẹ̀ mọ̀. Inú gbogbo wa dùn. Ọ̀rẹ́ mi ní apá láàbù náà ni òun fẹ́ máa mú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Mátírọ́ọ̀nù tún pè.

“Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ ọmọdé kan la ní kí wọ́n yẹ̀ wò. Láàbù ní àwọn ti fi èsì ránṣẹ́. Káàdì rẹ̀ rèé níwájú mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

“Ṣé ara ọmọ náà le, mà?”

“Dókítà ti fi fóònù gba èsì lẹ́nu wọn. Wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá a wá fún mi, nítorí ẹni tí kò ní ronú àtipe fóònù.”

A bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì wà lójú kan, ibì kan la ó wò. Ètò máa ń kọ ohun tó bá ṣe sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, a ó kàn tẹ̀ lé ipasẹ̀ rẹ̀ ni. Nísinsìnyí, láàbù ní ti rẹ̀, káàdì ní ti rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn náà ní ti rẹ̀. Láàbù ní òun ti fi ránṣẹ́. Káàdì ní òun ò rí nǹkan gbà. Aago wọn kò tiẹ̀ bára mu délẹ̀, tí a ò fi mọ èyí tó ṣáájú. Òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí òrùlé, yàrá ṣókùnkùn díẹ̀, ojú kálukú wa sì mọ́lẹ̀ búlúù níwájú kọ̀ǹpútà bí ojú ẹni tó wà lábẹ́ omi.

Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ti tan ohùn kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Ètò kan ni, tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síni létí. Ohùn obìnrin òyìnbó ni, ó ń sáré kàwé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Gbogbo wa yíjú. Ó ní, láìgbé ojú sókè, “Ojú mi ò dáa mọ́. Etí ni mo ń kọ́ láti fi kà báyìí. Ẹ máa báṣẹ́ yín lọ.”

Ọkùnrin tó wá láti Èkó rọra dìde. Ó lọ pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń pariwo lókè, kí ọ̀rẹ́ mi lè gbọ́ dáadáa. Ó padà jókòó.

Mo ń wo ọ̀rẹ́ mi bó ṣe ń tẹ́tí. Yóò gbọ́ ti láàbù, yóò fò sí ti káàdì, yóò gbàgbé ibi tó dé nínú ti àkọ́kọ́, yóò sì padà. Iwájú orí rẹ̀ ká jọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó pa ohùn náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì.

Àwa la rí èsì náà níkẹyìn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já fún ìgbà díẹ̀ bí èsì náà ṣe ń kọjá, ó sì wà lójú ọ̀nà bí lẹ́tà tó há sẹ́nu àpótí. A tì í, ó wọlé. Mo pe Mátírọ́ọ̀nù, wọ́n ní àwọn ti rí i.

Nígbà tí òjò dá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi ń kán láti ara dóńgóyárò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú.

“Mo ṣì í,” ó wí. “Mo rò pé ohun kékeré ni mo ń fẹ́. Kì í ṣe òun. Ibi tí mo ti lè mọ̀nà ni mo ń fẹ́. Bí wọ́n bá kó mi sínú ilé ńlá kan, tí àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níbi tó yẹ, n ó fọwọ́ tọ́ ògiri dé ibi tí mò ń lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ́ ilé kéékèèké púpọ̀, tí títì wà láàárín wọn, títì yẹn ni n ó kú sí.”

Mo ní, “Ilé wa ò ní ilẹ̀kùn níbi tó yẹ. Ojú fèrèsé ni gbogbo wa ń gbà.”

“Mo mọ̀. Àwa la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. A kéré nígbà náà, ó yá wa lára láti máa fo fèrèsé.”

A sọ ọ̀rọ̀ náà nípàdé lọ́jọ́ kejì. Mo rò pé ọkùnrin tó wá láti Èkó máa takò wá, ṣùgbọ́n ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ibi tí mo ti kúrò, bí àwùjọ wa yìí ṣe tó la jẹ́ lórí apá kan ṣoṣo. Àwọn èèyàn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ọ̀nà tó wà láàárín àwọn apá yẹn nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. N kò ronú kan ìyẹn.” Ó wo ọ̀rẹ́ mi. “Ẹ̀gbọ́n, bí a bá fi sílẹ̀ ní odindi, ṣé ẹ ó gbà kí a mọ ògiri sínú rẹ̀? Kí kálukú dúró sí àyè tirẹ̀, kí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wà?”

Ó ní, “Ohun tí mo fẹ́ bẹ yín gan-an nìyẹn.”

Bí a ṣe pinnu rẹ̀ nìyẹn. A ò pín in. Láàbù nìkan ló wà níta, nítorí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, apá náà sì ń yí padà ní gbogbo ìgbà. A ṣe é kí ó máa tún èsì fi ránṣẹ́ títí káàdì yóò fi dáhùn pé òun ti gbà á. Ìyókù dúró pọ̀. A fi odindi ìgbà òjò dí fèrèsé. A ó rí ibi tí apá oògùn ti na ọwọ́ wọnú àpò káàdì, a ó yọ ọwọ́ náà, a ó sì ṣí ilẹ̀kùn kan fún un. Iṣẹ́ tí kò ní ògo ni. Lójú àwọn tó ń lò ó, kò sí ohun tó yí padà.

Lọ́sàn-án ìgbà òjò yẹn, èmi ni mo máa ń ka kóòdù àtijọ́ sókè, òun á sì máa sọ ibi tí ògiri yẹ kó wà. Nígbà mìíràn màá ka ohun kan, a ò sì ní rántí ìdí tí a fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ jẹ́ ọmọ ogún ọdún lé díẹ̀, ooru ń mú un, ebi sì lè máa pa á. A ó rọra fi í sílẹ̀ tàbí ká rọra mú un kúrò. Mi ò lá àlá ilé yẹn mọ́ ní àkókò náà, tàbí bí mo bá lá a, mi ò rántí.

Ojú ọ̀rẹ́ mi kò tíì padà, kò sì ní padà. Ṣùgbọ́n títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, oògùn náà ṣì ń di èyí tó kù mú. Etí rẹ̀ ti yá débi pé bí ó bá mú kí ohùn obìnrin òyìnbó yẹn máa sáré kàwé sí i, kò sẹ́lòmíràn tó lè gbọ́ ohun tó ń wí. Ohùn náà máa ń pe àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a fi sínú kóòdù lọ́nà tó pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín mọ́, ó ti mọ́ ọn lára.

Láìpẹ́ yìí, a gba obìnrin kan tuntun. Ó ti kàwé dáadáa, ó sì wo ètò wa fún ọjọ́ mélòó kan kó tó wá bá mi. Ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó ní, “Ẹ má bínú, mà. Kí ló dé tí ẹ ò pín in bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe?”

Mo sọ fún un pé a kò pọ̀, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣe é gbọ́kàn lé, pé bí nǹkan bá sọnù, a fẹ́ kí ó rọrùn láti rí. Mo sọ ọ̀rọ̀ èsì ọmọdé tó há sójú ọ̀nà fún un. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó ń mi orí, ó sì yé e. Mo fẹ́ dákẹ́ síbẹ̀, nítorí ìyókù kì í ṣe tèmi láti sọ.

Ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń gbọ́ wa. Ó fi ọwọ́ tọ́ ògiri wọlé, ó kan àga kan, ó sì fà á.

“Kò tíì sọ tèmi fún ọ,” ó wí. “Jókòó.”

Obìnrin náà jókòó. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti bọ́ sórí tábìlì, eruku ń fò nínú rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un, láti orí ọsàn tó dà sílẹ̀ ní Ríńgì Róòdù.